Aṣọ Ni A Ń Gé, A Kì Í Gé Ara

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti parí ilé ìwé, tí àwọn òbí yín sì ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi yín sí, ẹ súnmọ́ mi. Ọ̀kan nínú yín bi mí lánàá pé, "Ìyá, ṣé iṣẹ́ aránṣọ dára?" Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn kúkúrú. Ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ náà ni n ó sọ, kí kálukú fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi pọ̀ díẹ̀.

Sàlámátù ni orúkọ mi, àmọ́ ní Bantè níbí, Ìyá Aránṣọ ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Bobè ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn òkè wa yẹn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó ń gbin iṣu, ó sì ní oko kajú díẹ̀. Ohun tí wọ́n san kí n tó wọṣẹ́ àti ohun tí mo pa lẹ́yìn rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ, mo kọ́ yàrá mélòó kan. Ó tó.

Savalou ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin Màhí kan tí à ń pè ní Màmá Filomẹ́nà. Onígbàgbọ́ ìjọ Àgùdà ni òun, ọmọ Mùsùlùmí ni èmi. Ó ń sọ Màhí, èmi ń sọ Ìṣà, ẹ̀ka Yorùbá tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wa. Bí mo bá ránṣọ dáadáa, kò ní sọ nǹkan kan. Bí mo bá rán an wọ́, á tú u, á gbé e padà lé mi lórí itan. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń gbọ́ èdè rẹ̀, ó sì ti ń fi Ìṣà bú mi.

Ó le. Fún ìgbà pípẹ́, n kò fọwọ́ kan maṣíìnì. Mo ń gbálẹ̀, mo ń ṣa abẹ́rẹ́ olórí nílẹ̀, mo ń kó ẹyin iná sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo ń tú ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ rán tí kò dára. Òfin rẹ̀ kan wà tí gbogbo Savalou mọ̀: ẹni tó bá ba aṣọ jẹ́ ni yóò wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Nígbà kan, mo gé apá aṣọ méjèèjì sí apá òsì. Màmá Filomẹ́nà kò lù mí, kò sì bú mi. Ó rán an bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní kí n wọ̀ ọ́, kí n lọ ra ata wá. Apá kan wọlé dáadáa. Èkejì yí mi lọ́wọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Àwọn aláta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò gé apá aṣọ kan rí láìkọ́kọ́ gbé e lé ara mi wò.

Ibi tó ti le jù ni ọ̀rọ̀ ara àwọn oníbàárà. Bí a bá ń wọn obìnrin, ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́. Màmá Filomẹ́nà ní ìwọ̀n ara obìnrin kì í ṣe ohun tí à ń kéde bí ẹni tó ń ka iṣu lójà. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá gbé aṣọ rẹ̀ wò, aṣọ náà kò pa dé níbàdí. Ọmọ iṣẹ́ kan tí a jọ wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ mà ti sanra jù." Obìnrin náà bọ́ aṣọ, ó lọ. Màmá Filomẹ́nà pe gbogbo wa jọ.

"Ta ló ṣe àṣìṣe?" ló bi wá.

Ọmọ náà ní, "Ó ti sanra sí i ni, Màmá."

"Mo ní ta ló ṣe àṣìṣe? Ara kì í ṣe àṣìṣe. Aṣọ ló ń ṣe àṣìṣe, aránṣọ ló sì ń ṣe é fún aṣọ. Bí aṣọ kò bá bá ènìyàn mu, aṣọ ni kí o gé. Àbí ènìyàn ni wàá gé?"

A tú aṣọ náà, a tún un rán. Ọmọ náà ló gbé e lọ sílé obìnrin yẹn lọ́jọ́ kejì, ó sì kúnlẹ̀ kí ó tó nà án sí i.

Ohun mìíràn tún wà tí mo rí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi yìí tí n kò lè gbàgbé. Ìyàwó tíṣà kan wá bá wa, wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan nílé ìwòsàn nítorí jẹjẹrẹ. Ìbòrí ló fi ń bo àyà rẹ̀ kiri, àní nínú ooru. Màmá Filomẹ́nà rán kọ́mú fún un, ó sì rán àpò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo. Òwú ló kọ́kọ́ dì sínú rẹ̀. Ó gbé e lọ́wọ́, ó ní ó fúyẹ́ jù, èjìká yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tú òwú dànù, ó da ọkà bàbà sí i, ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀ títí tí obìnrin náà fi ní, "Ó ti dọ́gba." Obìnrin náà wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí ebi bá pa òun lọ́nà, òun ti gbé oúnjẹ dání. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo wá kọ́ kì í ṣe eré.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo wá sí Bantè níbí, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì. Àsìkò kajú ni iṣẹ́ wa máa ń pọ̀, nítorí ìgbà náà lọwọ́ àwọn obìnrin ń dẹ̀. Bí ọdún iṣu tuntun bá tún súnmọ́, àwọn ará Savalou tó ti mọ ọwọ́ mi á gbé aṣọ wá bá mi. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á máa yí i, ọwọ́ òsì á máa darí aṣọ. Ẹlẹ́sẹ̀ dé, ọwọ́ mi méjèèjì wá ráyè fún aṣọ. Nígbà tí iná mànàmáná dé, mo ra oníná. Ó yára débi pé ó fẹ́ rán ìka mi mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́. Mo gba gbogbo wọn tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá ń bá irinṣẹ́ tuntun jà, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló ń dá lóró.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó yí iṣẹ́ mi padà jù lọ kì í ṣe maṣíìnì. Àwòrán ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó sanra ni wọ́n ń yìn. Bí ìyá ìkókó bá jáde sóde tí ara rẹ̀ kò kún, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò ní ìwò ẹ̀gàn. Àwọn obìnrin á sọ fún mi pé kí n fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ nítorí ọ̀la. N kò ní purọ́ fún yín pé ayé ìgbà náà dẹrùn fún gbogbo obìnrin. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹkún tiwọn. Àmọ́ kò sí ẹni tó pè é ní àìsàn.

Àwòrán àwọn àrà aṣọ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ni oníbàárà ń wò. Wọ́n á na ìka sí ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ìyá Aránṣọ, irú ọrùn aṣọ yìí ni kí ẹ rán fún mi." Ọrùn aṣọ ni wọ́n ń nawọ́ sí o, kì í ṣe ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Tẹlifíṣọ̀n dé, fíìmù Nàìjíríà dé, àwọn eré òkè òkun tí wọ́n ń fi Faransé sọ dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní, "Ẹ fún un níbàdí kí n lè rí bíi ti obìnrin inú eré yẹn." Mo ṣe ohun tí mo lè ṣe. Mo rán kọ́mú tó ń gbé àyà sókè, mo rán ìdí fóòmù fún àwọn tó fẹ́ ẹ, n kò sì tijú rẹ̀. Fóòmù kì í wọ inú ẹran ara. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á bọ́ ọ kọ́ sára ìṣó, wọ́n á jókòó jẹun.

Fóònù ló wá gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Oníbàárà á na fóònù sí mi, n ó wo aṣọ tó wà níbẹ̀, n ó ní, "Ó dára, mo lè rán an." Á ní, "Kì í ṣe aṣọ, Màmá. Ara yẹn."

Ọ̀kan wà nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún láti Pira, ọ̀rẹ́ mi ni. Zémì, alùpùpù akérò wa, ló gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jókòó, kò bọ́ gèlè, kò béèrè omi.

Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, wọ́n ní àìsàn ń ṣe mí."

Mo ní, "Àìsàn wo?"

"Ikùn."

"Ó ń dùn ọ́ ni?"

"Kò dùn mí. Ó rọ̀." Ó mú fóònù jáde. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dókítà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní ikùn tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àìsàn ni, pé oògùn rẹ̀ wà, àti pé bí oògùn kò bá ràn án, iṣẹ́ abẹ wà.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ márùn-ún ló gbé inú ilé kan, tí ògiri rẹ̀ sì gbọ̀n díẹ̀. Àìsàn ni?"

"Ìwọ ni o rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló fi fídíò yìí hàn mí."

Mo rán aṣọ tó bá ikùn rẹ̀ mu fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó sì yẹ ẹ́. Síbẹ̀, mo gbọ́ pé ó ra oògùn náà. Ìgbẹ́ gbuuru nìkan ló rí gbà. Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn káàkiri: oògùn ìsanra, oògùn tó ń mú ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́, ìpara tó ń gbé ìdí sókè, ìpara tó ń mú ara funfun. Lórí àtẹ ọjọ́ ọjà, ẹ̀gbẹ́ magí àti iyọ̀ ni wọ́n ń tò ó sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí Rafíà, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo jókòó lé.

Gouka ni ìyá rẹ̀ ti mú un wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, ọlọ́wọ́ yíyára. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló kọjá lọ́wọ́ mi, n kò rí irú rẹ̀. Bó bá rí aṣọ lára ẹni tó ń kọjá lórí alùpùpù, kí eruku tó rọlẹ̀, ó ti mọ bí wọ́n ṣe gé e. Lẹ́yìn tó gba òmìnira, kò lọ. Ó ní òun fẹ́ máa bá mi ṣiṣẹ́. Òun ló mú kí ṣọ́ọ̀bù wa bọ́ sórí fóònù. Á ránṣọ, á wọ̀ ọ́, á dúró síwájú ilẹ̀kùn níbi tí oòrùn ti dára, èmi ni mo ń di fóònù náà mú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí wa láti Paraku, láti Kútọnù, àní láti ìlú òyìnbó. Mo ń yọ̀. Mo ń sọ fún un pé ó wù mí kí ọ̀gá mi ní Savalou rí i.

N kò mọ ìwé kà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sábẹ́ fídíò náà. Rafíà ń kà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tó jókòó ti maṣíìnì tí kò rán nǹkan kan. Mo ní kí ó ka ohun tó ń wò sí mi létí. Ó kọ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ó kà á: "Aṣọ yìí dára, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn nínú rẹ̀." Ó ka òmíràn: "Ẹ bọ́ ọ lára pákó yẹn, kí ẹ wọ̀ ọ́ fún obìnrin."

Mo ní, "Àwọn wo nìyí? Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́?"

"Wọn kò mọ̀ mí, Màmá."

"Kí ló wá kàn ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Àwọn ló ń ra aṣọ wa."

Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan ní Kútọnù kọ̀wé sí i. Ó ní òun mọṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń fún obìnrin ní ìdí àti ìbàdí, pé kò ní dùn, pé ọjọ́ kan náà ni yóò padà sílé. Ó ní bí Rafíà bá máa fi ara rẹ̀ hàn nínú fídíò, tó sì dárúkọ òun, òun yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo èyí, ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé òun ń lọ ra aṣọ ní Kútọnù. Nígbà tó padà, búbù fífẹ̀ ló wọ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń gun òkè. Mo bi í léèrè, ó ní jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ ló mú kí ara ro òun. Mo tún bi í ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun ti ń jẹun dáadáa ni. Ara rẹ̀ kún lóòótọ́. Fídíò rẹ̀ ń lọ bí iná ọyẹ́. Àwọn tó pè é ní pákó lánàá ń pè é ní ayaba.

Ìgbà tí ọdún iṣu tuntun ń bọ̀, tí aṣọ kún ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ni ọ̀rọ̀ náà tú. Rafíà wọ aṣọ kan tó fẹ́ fi ya fídíò, ó ní kí n bá òun fi abẹ́rẹ́ mú un níbàdí. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ara rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò. Ó sì le bíi máńgòrò tí kò tíì pọ́n. Ó pariwo, ó fò sẹ́yìn.

"Rafíà, kí lèyí?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Mo ti ń fọwọ́ kan ara obìnrin láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá rẹ dáadáa. Kí lèyí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí ibẹ̀ ti ń gún òun, pé òun ń gbé oògùn ìrora jẹ, pé nọ́ńbà obìnrin náà kò lọ mọ́.

Inú bí mi. Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìdí rẹ kò tó?"

Ó ní, "Gbogbo ayé, Màmá."

 Mo ti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú gbogbo aṣọ ọdún nínú rẹ̀, a wá takisí, a gba ọ̀nà Savalou lọ. Kò lè jókòó. Ó dojú bolẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun ṣubú ni. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Sọ òtítọ́, ọmọ mi. Ilé ìwòsàn kì í ṣe kóòtù." Ó sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà kò bú u. Ó kàn yára jáde lọ pe dókítà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára wọn lọ, wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìsàlẹ̀ gúúsù.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti bá wa láti Gouka, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, "Èmi ni mo bí ìdí yẹn. Kí ló ṣe é?" Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn mí.

Obìnrin ni dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ara tó bàjẹ́ ṣe: àwọn tí iná jó, àwọn ọmọ tí ètè wọn là láti inú oyún, àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ bó láwọ. Ó gé ẹran tó ti kú kúrò, ó fọ ojú egbò náà, ó tún padà gé e nígbà tó rí i pé ó ń tàn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti itan Rafíà, ó fi bo ojú egbò náà. Láàárín gbogbo rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò yè. Mo ń kírun nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkàn wa kò sí nínú ohun tí ẹnu wa ń sọ.

Lọ́sàn-án kan, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo ń rán ìró ìyá Rafíà tó ya. Dókítà náà ń kọjá, ó dúró wo ọwọ́ mi.

"Màmá, aránṣọ ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

Ó jókòó tì mí. Ó rẹ̀ ẹ́, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ àti òwú ni iṣẹ́ tèmi náà. Àmọ́ bí aṣọ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lè ra òmíràn lọ́jà."

Mo bi í pé kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ mi. Ó ní òun kò mọ̀, ó dà bí epo, ó sì lè jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ. Ó ní Rafíà kọ́ ni àkọ́kọ́. Mo wá bi í bóyá àwọn tí kò sí ohun tó ṣe ara wọn náà máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ń wá. Fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí mi."

"Ṣé ẹ máa ń ṣe é fún wọn?"

"Àwọn kan, bí a bá ti jọ sọ̀rọ̀ tó, tí mo sì rí i pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn mìíràn, mo máa ń sọ pé rárá." Ó wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé rárá, wọ́n á wá ẹni tí kì í sọ bẹ́ẹ̀."

N kò dá a lẹ́bi, n kò sì yìn ín. Ó dìde padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà sì padà sídìí tèmi.

Ọlọ́run dá ẹ̀mí Rafíà sí. Àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ilé tí wọ́n ti gún un, ilé náà ti ṣófo. A padà sí Bantè lásìkò ọyẹ́. Egbò jinná, ó fi ojú àpá ńlá sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì jìn wọlé. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀san ni, àwọn kan wá kí i kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò rò. Rafíà pa fóònù rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kò lè jókòó pẹ́ nídìí maṣíìnì. Mo pe káfíńtà, mo ní kí ó gbé tábìlì tí a fi ń gé aṣọ ga. Rafíà wá ń gé aṣọ lórí ìdúró, àwa tó kù ń rán.  Lọ́jọ́ kan, ó gé aṣọ kan fún ìyá arúgbó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, aṣọ náà jókòó lára arúgbó yẹn bí ẹni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Arúgbó náà jó yí ṣọ́ọ̀bù ká. Mo rí i tí Rafíà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ó tó tún tan fóònù. Nígbà tó tàn án, aṣọ nìkan ló ń fi hàn, lára oríṣiríṣi ènìyàn: àwọn ìyá tó sanra, àwọn ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ìyàwó ẹlẹ́ran tó ń tiro. Oníbàárà dínkù ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà díẹ̀díẹ̀.

Ojú mi ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Nígbà tí mo bá ń wọ òwú sínú abẹ́rẹ́, ihò abẹ́rẹ́ á di méjì. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún Rafíà, mo ní kí ó máa ṣe é lọ. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, nítorí ilé kò gba ènìyàn tó ti ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí.

Níbẹ̀ ni mo wà ní àsìkò kajú tó kọjá, nígbà tí ọmọbìnrin kan wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ni, kò ju yín lọ. Ó kí wa dáadáa, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó súnmọ́ Rafíà. Ó rọra sọ̀rọ̀, àmọ́ etí mi ṣì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ìdí."

Mo gbé ọ̀pá mi, mo fẹ́ dìde. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi. Rafíà mi orí sí mi pé kí n jókòó. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí tábìlì, ó nu ọwọ́.

Ó ní, "Wá."

Ó mú un lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbé aṣọ wò. N kò gbọ́ ohùn kankan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dá maṣíìnì dúró, mo ní kí wọ́n máa rán lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde, Rafíà ń so ìró tó ti tú padà mọ́ ìbàdí, ọmọ náà sì ń wo ilẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó béèrè omi, ó mu ún tán. N kò bi wọ́n ní nǹkan kan nígbà náà, n kò sì tíì bi wọ́n dòní.

Rafíà padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Aṣọ wo lo fẹ́?"

Ọmọ náà rò ó. "Mo ń lọ sí Paraku fún ilé ìwé. Mo fẹ́ èyí tí mo lè wọ̀ gun alùpùpù."

"Ó ti yé mi. Dìde dúró."

Ó mú okùn ìwọ̀n, ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ẹsẹ̀, kò sọ ìwọ̀n kankan jáde lẹ́nu.

Èyí tí iṣẹ́ yìí bá wù nínú yín, kí ó lọ bá Rafíà. Ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀ lẹ́bàá títì, ó máa ń ṣí i láàárọ̀ kùtù. N kò ní tàn yín, Rafíà le ju èmi lọ. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ gé èékánná yín, nítorí ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò.